Ta Ló Ni Owó Inú Káàdì Ẹ̀bùn Nígbà Tí Gbèdéke Bá Kọjá?

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó síwájú, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin, ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ fi ilé ìtajà yín sílẹ̀ láti wá gbọ́ wa, àti ẹ̀yin oníbàárà, èyí tí gbogbo wa jẹ́ pátá, mo kí yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ìrìn, ẹ sì kú sùúrù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ṣètò àpèjọ yìí, tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó kéré lójú púpọ̀ ènìyàn, ìyẹn ọjọ́ ìparí tí àwọn ilé ìtajà máa ń tẹ̀ sẹ́yìn káàdì ẹ̀bùn àti ìwé ẹ̀bùn tí wọ́n ń tà. Ọ̀rẹ́ mi kan bi mí pé kí ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí èèyàn fi máa dúró lórí pèpéle sọ ọ́. Mo ní kí ó wá jókòó, kí ó wá gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé obìnrin kan wọ ilé ìtajà kan, ó san owó tó jọjú, wọ́n fún un ní káàdì pélébé kan, ó sì gbé e fún ọmọ àbúrò rẹ̀ tí ó ń ṣe ìgbéyàwó. Ọdún kan àti oṣù kan lẹ́yìn náà, ìyàwó tuntun mú káàdì náà lọ sí ilé ìtajà kan náà. Ilé ìtajà náà ṣì wà níbẹ̀, ọjà kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ẹni tí ó gba owó lọ́jọ́ kìíní ṣì jókòó síbi tí ó jókòó sí. Wọ́n ki káàdì bọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́: gbèdéke ti kọjá láti oṣù tó lọ. Owó yẹn ńkọ́? Ta ló ni ín? Kí ni ilé ìtajà náà fún ẹnikẹ́ni nídìí owó tí ó gbà? Ọjà kankan kò kúrò lórí pẹpẹ rẹ̀, iṣẹ́ kankan kò ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, síbẹ̀ owó ti wọlé, kò sì ní jáde mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Mo gbà pé ọjọ́ lè pa ẹ̀bùn tí olùtajà fi ta oníbàárà lọ́rẹ. N kò gbà pé ọjọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti pa owó tí oníbàárà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ san. Bí ọjọ́ kan bá wà lára káàdì, kí ó jẹ́ ọjọ́ tí ń rán ni létí, kí ó má jẹ́ ọjọ́ tí ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni.

Gbèsè ni

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí káàdì yìí jẹ́. Kò tíì pẹ́ láyé bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Ọdún 1994 ni àwọn ilé ìtajà ńlá ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tà á gẹ́gẹ́ bí káàdì oníke. Kí ó tó di ìgbà náà, ìwé ni wọ́n máa ń kọ, tí ẹni tó ni ilé ìtajà á sì fọwọ́ sí i. Ìbáà jẹ́ ike, ìbáà jẹ́ ìwé, ìbáà jẹ́ nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù, nǹkan kan náà ni: owó ti kúrò lápò oníbàárà, ọjà kò sì tíì kúrò lọ́wọ́ olùtajà. Gbèsè ni a ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ má wò mí bí ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ líle kan àwọn oníṣòwò, nítorí àwọn oníṣirò owó tiwọn gan-an ni ó ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ta káàdì, wọn kì í kọ owó náà sí abẹ́ ohun tí wọ́n pa lọ́jà. Abẹ́ ohun tí ilé iṣẹ́ jẹ ẹlòmíràn ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, títí di ọjọ́ tí ẹni tí káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò wá gbé ọjà.

Bí ó bá jẹ́ gbèsè, ta ni nínú wa ni kò mọ bí wọ́n ti ń ṣe gbèsè? Bí mo bá yá owó lọ́wọ́ yín, tí mo sì fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé pé bí ẹ kò bá wá bá mi nílé kí ọdún tó yí po, owó di tèmi, ṣé ẹ ó pe ìyẹn ní àdéhùn, tàbí ẹ ó pè é ní ọgbọ́n àrékérekè?

Mo ti gbọ́ èsì tí àwọn kan máa ń fún un. Wọ́n á ní ṣebí gbogbo nǹkan tí wọ́n ń tà ló ní ọjọ́, oògùn ní ọjọ́, wàrà inú agolo ní ọjọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ọjọ́ náà ń ṣọ́. Ọjọ́ tí ó wà lára oògùn ń ṣọ́ ẹni tí yóò gbé e mì, nítorí pé agbára oògùn a máa dín kù. Ó ń sọ fún olùtajà pé kí ó má tà á mọ́. Ọjọ́ ẹ̀yìn káàdì ẹ̀bùn kò ṣọ́ oníbàárà lọ́wọ́ ewu kankan. Kò sí ohun tí ń bàjẹ́ nínú rẹ̀, nọ́ńbà lásán ni, nọ́ńbà kì í kan, kì í sì í dípẹtà. Ẹni tí ọjọ́ náà ń ṣọ́ ni ẹni tí ó jẹ gbèsè, ohun tí ó sì ń ṣọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹni tí ó jẹ ní gbèsè.

Owó àwọn tó gbàgbé, àti owó àwọn tí kò gbàgbé

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí yìí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ́. Nínú káàdì tí ilé ìtajà bá tà, a kì í ṣàìrí èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní mú wá láéláé. Ó sọnù, tàbí ó há sápò aṣọ kan tí wọn kò wọ̀ mọ́, tàbí ẹni tó ni ín ti kó lọ sí ìlú tí irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀ kò sí, tàbí owó tí ó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ kéré débi pé kò tó owó ọkọ̀. Owó tí irú nǹkan báyìí ń kó jọ kì í ṣe kékeré. Starbucks, ilé iṣẹ́ olókìkí tó ń ta kọfí, máa ń kọ ọ́ sínú ìròyìn owó rẹ̀ ọdọọdún fún gbogbo ayé láti kà: ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, owó orí káàdì tí wọ́n gbà pé àwọn oníbàárà kò ní ná mọ́ ti ju 100 mílíọ̀nù dọ́là lọ lọ́dún kan. Ẹ sì fetí sílẹ̀ dáadáa: káàdì tiwọn kò ní ọjọ́ ìparí. Kò sí gbèdéke lára rẹ̀ rárá, síbẹ̀ owó ń ṣẹ́kù fún wọn nítorí pé ẹ̀dá ń gbàgbé.

Kí ni èyí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé olùtajà kò nílò gbèdéke kí ó tó jàǹfààní ìgbàgbé. Ìgbàgbé ń ṣiṣẹ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan máa ń ní àwọn fi gbèdéke sí i nítorí ìwé ìṣirò, pé àwọn kò lè máa gbé gbèsè kiri títí láé láìmọ ìgbà tí yóò parí. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn ti ní ìtumọ̀ nígbà kan, ṣùgbọ́n ìlànà ìṣirò àgbáyé tí à ń pè ní IFRS 15, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2018, ti gba ilé iṣẹ́ láyè láti fojú díwọ̀n iye tí wọ́n gbà pé kò ní padà wá, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sí abẹ́ owó tó wọlé díẹ̀díẹ̀, bí àwọn oníbàárà yòókù ṣe ń ná tiwọn. Ìwé lè ṣe déédéé láìsí pé a tẹ ọjọ́ kankan sẹ́yìn káàdì.

Ta wá ni gbèdéke ń mú? Ẹ bá mi rò ó. Ẹni tí ó gbàgbé kò wá sí ibi káúńtà, gbèdéke kò sì rí i mú. Ẹni tí káàdì rẹ̀ sọnù kò wá. Ẹni tí kò bìkítà kò wá. Ẹnì kan ṣoṣo tí gbèdéke lè mú ni ẹni tí ó rántí, tí ó wá káàdì rẹ̀ rí, tí ó wọ ọkọ̀, tí ó ṣa ọjà sínú agbọ̀n, tí ó sì dúró níwájú olùtajà pẹ̀lú ẹ̀rí lọ́wọ́ pé wọ́n ti gba owó. Òun gan-an ni wọ́n ń sọ fún pé kò sí nǹkan fún un. Nígbà tí àwọn oníṣòwò bá ní gbèdéke wà fún àwọn aláìbìkítà, èmi máa ń bi wọ́n pé nínú àwọn tí ẹ ti dá padà ní káúńtà, èwo ni aláìbìkítà?

Ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń yí bìrí. Ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè á bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì: ẹ má bínú, ara mi ni kò yá, n kò sí nílé, ìṣòro kan ló dé. Ẹni tó jẹ gbèsè á wá di adájọ́, á ní kí ló dé tí ẹ kò tètè wá. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. N kò pe oníṣòwò lólè o, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ lé mi lẹ́nu. Ibi tí ẹjọ́ yí sí ni mo ń tọ́ka sí.

Ẹ̀rí tí kò gbè mí

Bí a bá ní kí a bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gbé ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ ní ìdàkejì kalẹ̀ fúnra mi, kí ẹnikẹ́ni tó dìde láti gbé e lù mí. Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí méjì, Suzanne Shu àti Ayelet Gneezy, gbé ìwádìí kan jáde lórí bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń sún ohun ìgbádùn síwájú. Wọ́n fún àwọn kan ní ìwé ẹ̀bùn ilé ìtajà kéèkì kan, tí ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní irú rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n tí ó ní oṣù méjì. Wọ́n kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n á lò ó. Àwọn tí wọ́n ní oṣù méjì ni ó fi ọwọ́ sọ̀yà jù, nǹkan bí 68 nínú 100 wọn ní àwọn yóò lò ó, nígbà tí àwọn ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta jẹ́ nǹkan bí 50 nínú 100. Nígbà tí ọjọ́ pé, 31 nínú 100 àwọn ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta ni ó ti lò ó. Àwọn olóṣù méjì ńkọ́? 6 péré nínú 100.

Ẹ gbọ́ mi? Àwọn tí àkókò pọ̀ lọ́wọ́ wọn ni kò lò ó. Oníṣòwò tó bá gbọ́ èyí á rẹ́rìn-ín, á ní ẹ ò rí i, gbèdéke kúkúrú ni ó ń ṣe oníbàárà lóore. Bí ẹ bá fún wọn ní ọdún márùn-ún, wọn ò ní wá mọ́ láéláé. Ọ̀rọ̀ gidi ni, n kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹ̀dá a máa rò pé ọ̀la òun yóò ní àyè ju òní lọ, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń ṣe títí ọ̀la fi ń di àná.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí ìwádìí náà sọ. Ó sọ pé ọjọ́ tí ó súnmọ́ tòsí a máa ta èèyàn jí. Kò sọ pé ó yẹ kí ẹni tí kò jí pàdánù owó rẹ̀. Nínú àwọn ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta pàápàá, 69 nínú 100 ni kò rí i lò. Àwọn yẹn kò san owó kankan, fífún ni wọ́n fún wọn, nítorí náà kò sí ẹni tí ó fi orí gbá ohunkóhun. Ẹ wá fi owó tí èèyàn fi làágùn rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì tún ìṣirò náà ṣe.

Ohun méjì ni a ń dì pọ̀ mọ́ra wọn nínú ọ̀rọ̀ yìí, tí ó sì yẹ kí a tú sọ́tọ̀: ìránnilétí, àti ìpàdánù. Bí olùtajà bá fẹ́ kí n tètè wá ní tòótọ́, ọ̀nà pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé owó mi ṣì wà níbẹ̀. Ó lè sọ pé bí mo bá wá láàárín oṣù mẹ́ta, òun yóò fi nǹkan díẹ̀ lé owó inú káàdì náà. Ìyẹn jẹ́ ẹ̀bùn tirẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọjọ́ tí ó bá wù ú sí i, bí ọjọ́ bá sì kọjá, ohun tí ó fi lé e ni yóò lọ, ohun tí mo san yóò dúró. Gbogbo agbára tí ìwádìí yẹn rí nínú gbèdéke kúkúrú yóò wà níbẹ̀ láìṣẹ́kù, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi owó ara rẹ̀ jìyà.

Mo tún rí ohun kan nínú nọ́ńbà wọ̀nyí tí ó ń já mi láyà. Ọ̀pọ̀ káàdì tí à ń rí lọ́jà, ọdún kan ni wọ́n ń fún un. Ọdún kan jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè ta ẹnikẹ́ni jí, ó sì kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi dé bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lójijì. Bí ẹnì kan bá jókòó láti wá iye ọjọ́ tí yóò mú èrè jù lọ wá fún ẹni tí kò fẹ́ san gbèsè rẹ̀, mo rò pé irú iye bẹ́ẹ̀ gan-an ni yóò mú. N kò sọ pé ẹnì kan jókòó rò ó bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń sọ pé bí wọ́n bá rò ó, kò sí ohun tí wọn ì bá yí padà.

Ohun tí àwọn ìjọba ti ṣe

Ó kàn wá láti wo ohun tí òfin ti sọ káàkiri ayé, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mi ò ní ka gbogbo rẹ̀ tán. Èyí tí ó kọ́ mi lọ́gbọ́n ni n óò mú.

Ní Jámánì, kò sí òfin kan tí wọ́n dìídì ṣe fún káàdì ẹ̀bùn. Ẹjọ́ ni wọ́n fi là á. Amazon ń ta ìwé ẹ̀bùn tí ó ní ọdún kan, wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, nígbà tí ó sì di oṣù Kínní ọdún 2008, ilé ẹjọ́ gíga ti ìlú Munich dájọ́ pé gbèdéke ọdún kan bẹ́ẹ̀ ń rẹ́ oníbàárà jẹ, kò sì lè dúró. Kí wá ni ó dúró nípò rẹ̀? Òfin tí ó wà fún gbèsè gbogbo ni, ìyẹn ọdún mẹ́ta, tí wọ́n sì ń ka láti ìparí ọdún tí wọ́n ra káàdì náà. Mo fẹ́ràn ìdájọ́ yìí ju òfin mìíràn lọ, nítorí pé ó pe ohun náà ní orúkọ rẹ̀. Ó ní gbèsè ni, ẹ jẹ́ kí ó máa rìn lójú ọ̀nà tí gbèsè ń rìn.

Gúúsù Áfíríkà lọ síwájú díẹ̀ sí i. Òfin ààbò oníbàárà wọn, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2008, sọ pé ìwé tí a ti san owó rẹ̀ ṣáájú kò gbọ́dọ̀ kú kí ọdún mẹ́ta tó pé, ó sì tún sọ pé owó tí a san fún un jẹ́ ohun ìní ẹni tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, títí di ìgbà tí olùtajà bá fún un ní ohun tó tó o. Ẹ padà sí ìbéèrè tí mo bi yín nípa ìyàwó tuntun. Ta ló ni owó náà? Òfin yìí dáhùn láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: ìyàwó tuntun ló ni ín, ilé ìtajà kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni. Ó dùn mí pé òfin náà tún gbà kí ohun ìní yẹn kú lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ dára.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2009, tí apá káàdì ẹ̀bùn inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2010, fún owó inú káàdì ní ó kéré tán ọdún márùn-ún. Ìpínlẹ̀ lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: California kò jẹ́ kí wọ́n fi ọjọ́ ìparí sí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú káàdì tí ilé ìtajà ń tà. Ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà ti fòfin de ọjọ́ ìparí láti ọdún 2007. Ireland mú ọdún márùn-ún, láti ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 2019. Ọsirélíà mú ọdún mẹ́ta, láti ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Ní Bìrìtéènì ńkọ́, níbi tí òwò káàdì ẹ̀bùn ti gbilẹ̀? Kò sí iye ọdún kankan tí òfin là sílẹ̀. Ohun tí olùtajà bá kọ ni yóò dúró, bí kò bá ti ṣe àìtọ́ kọjá ààlà.

Ẹ wò ó pé nínú gbogbo ibi tí wọ́n ti mú ọjọ́ náà kúrò, tàbí tí wọ́n ti sún un jìnnà, àwọn ilé ìtajà ṣì ń ta káàdì ẹ̀bùn. Wọn kò kógbá wọlé. Àwọn tí wọ́n ń pariwo pé òfin yóò pa òwò náà kò tíì fi òkú rẹ̀ hàn wá.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Bí a bá lé gbèdéke jáde láti ẹnu ọ̀nà iwájú, ó lè gba ti ẹ̀yìnkùlé wọlé. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni owó ìtọ́jú: wọn kò ní sọ pé káàdì ti kú, ṣùgbọ́n wọ́n á máa yọ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ lóṣooṣù títí kò fi ní ku nǹkan kan. Òfin Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n yọ ọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí káàdì bá ti wà fún oṣù méjìlá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lò ó, kò sì gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù. Ọsirélíà ti fòfin de ọ̀pọ̀ jù lọ irú owó bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé àwọn ni wọ́n ṣe é dáadáa. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n ní dandan kí o ná gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ohun tí ó bá ṣẹ́kù sì ṣòfò.

Lẹ́tà wínníwínní náà tún wà. Àwọn oníṣòwò máa ń sọ pé oníbàárà ti ka àdéhùn, ó sì ti gbà á. Ta ló kà á? Ẹni tí ó ra káàdì kọ́ ni ẹni tí yóò ná an. Ìyàwó tuntun tí mo sọ nípa rẹ̀ kò sí níbi tí wọ́n ti ṣe àdéhùn, kò fọwọ́ sí nǹkan kan, káàdì nìkan ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ nínú àpòòwé tí wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù dì. Ẹni tí ó ra ẹ̀bùn kò ní fẹ́ dúró ka ọjọ́ ìparí fún olóyè ọjọ́ náà níwájú àwọn àlejò. Nínú gbogbo àdéhùn ọjà tí mo mọ̀, n kò rí òmíràn tí ó rọrùn tó èyí láti fi di ẹrù ìyà lé ẹni tí kò sí níjòókòó lórí.

Ọ̀rọ̀ àwọn ilé ìtajà tó wọ gbèsè kàn wá náà, nítorí pé ibẹ̀ ni òfin tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ti ní ààlà. Ní oṣù Kínní ọdún 2013, nígbà tí HMV, ilé ìtajà tó ń ta orin àti fíìmù, wọ wàhálà owó ní Bìrìtéènì, àwọn tí wọ́n fi ṣe alámòójútó rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀ láti gba káàdì ẹ̀bùn. Ariwo àwọn oníbàárà pọ̀, wọ́n sì yí i padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí díẹ̀ sí i. Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn yẹn kò dákẹ́. Ilé ìtajà Sharper Image ní Amẹ́ríkà, nígbà tí òun náà wọ gbèsè, dá káàdì dúró ní ọdún 2008, ó sì wá ní kí ẹni tó bá fẹ́ lo tirẹ̀ ra ọjà tí iye rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì owó inú káàdì. Nígbà tí Dick Smith, ilé ìtajà ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́, ṣubú ní Ọsirélíà ní oṣù Kínní ọdún 2016, wọn kò gba káàdì kankan. Àwọn tí ó ni wọ́n di ara àwọn tí ilé iṣẹ́ náà jẹ ní gbèsè, lẹ́yìn gbogbo àwọn tí ilé iṣẹ́ náà ti fi ohun ìní dógò fún. Nítorí náà, bí mo ti ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fún káàdì ní ọjọ́ gígùn, mo ń sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ní in lápò pé kí ẹ tètè ná an. Òfin lè dá olùtajà tó wà láàyè lọ́wọ́ kọ́. Kò lè fa owó jáde lápò ẹni tí kò ní nǹkan kan mọ́.

Ohun tí mo ń béèrè

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe òfin, mo bẹ̀ yín kí ẹ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀. Ìwé ẹ̀dínwó, àmì ìdúróṣinṣin oníbàárà, ìyẹn máàkì tí ilé ìtajà ń fún ẹni tó ń rajà lọ́dọ̀ rẹ̀ déédéé, àti káàdì tí ilé ìtajà fi ta ni lọ́rẹ láìgba owó, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún olùtajà kí ó fi ọjọ́ tí ó bá fẹ́ sí wọn, kí ó ṣáà ti kọ ọ́ gàdàgbà síwájú. Òfin Amẹ́ríkà ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí a ti san owó rẹ̀, kí ó máa wà níwọ̀n ìgbà tí ilé ìtajà bá ṣì wà.

Àwọn oníṣòwò kéékèèké tí wọ́n wà láàárín wa lè ní, ẹni tí mo ta ìwé ẹ̀bùn iṣẹ́ ọjọ́ kan fún ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ṣé kí n ṣe é fún un ní iye àtijọ́ nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbówó lórí? Ẹ̀tọ́ ni ìbéèrè yín, èyí sì ni ibi kan ṣoṣo tí mo ti rí i pé ọjọ́ ní iṣẹ́ tó ṣeé gbèjà. Ìdáhùn mi ni pé kí iṣẹ́ náà ní gbèdéke, kí owó má ní. Lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ kọ síbẹ̀, ẹ kò jẹ oníbàárà ní iṣẹ́ náà mọ́, ẹ jẹ ẹ́ ní iye tí ó san. Bí iṣẹ́ bá ti wọ́n sí i, kí ó fi díẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tí a rẹ́ jẹ níbẹ̀.

Bí a bá sì ta kú pé ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ wà tí ohun gbogbo yóò parí, kí ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ ìdápadà. Nígbà àrùn Kòrónà, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, Àjọ Aláṣẹ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gba àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀ nímọ̀ràn nípa ìwé tí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú àti onírìn-àjò ń fún àwọn tí ìrìn àjò wọn ti bàjẹ́. Wọ́n ní kí ìwé náà wà fún ó kéré tán oṣù méjìlá, bí ẹni tó ni ín kò bá sì lò ó, kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà fún un láìjẹ́ pé ó bẹ̀bẹ̀, láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Mo mọ̀ pé irú ìwé yẹn yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ilé ìtajà, nítorí pé kì í ṣe ẹ̀bùn, mo sì mọ̀ pé ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe òfin. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé a lè kọ ọjọ́ sí ìwé kan, kí ọjọ́ náà pé, kí owó sì gba ọ̀nà ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín lọ. Ní báyìí tí wọ́n ń fi káàdì ránṣẹ́ sórí fóònù àti íméèlì, tí olùtajà sì ní orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì ẹni tí ó san owó lọ́wọ́, n kò mọ ohun tí ó lè dá ìyẹn dúró bí kò ṣe pé wọn kò fẹ́.

Mo rí i pé bàbá kan ti na ọwọ́ láti àárọ̀, láti ìgbà tí mo ti dárúkọ ìwé ìṣirò. Ẹ̀yin oníṣirò ni mo mọ̀ pé ẹ ó kọ́kọ́ bá mi jà. Ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún wọn, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ wọn.